Ìgbà Tí Ohùn Gìtá Kọ́kọ́ Há

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ohùn gìtá há, ó sì wu ayé bẹ́ẹ̀. Kí ìgbà náà tó dé, ohun tí gbogbo ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ohùn ń lé ni bí ohùn yóò ṣe mọ́ gaara, tí ohun tó wọlé yóò fi jẹ́ ohun tó jáde. Ni àwọn ọ̀dọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ra àpótí kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ba ohùn tó mọ́ jẹ́ lọ. Pẹ́dàlì fuzz là ń pè é: onígìtá á gbé e sílẹ̀, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn tó ń dún bí agogo á sì di ohùn tó ń kùn bí agbọ́n nínú ìkòkò. Bí àwọn ènìyàn bá ń rántí ìgbà náà lónìí, pẹ́dàlì yìí ni wọ́n ń rántí. Òun ni wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, òun ni wọ́n ń wá kiri, bó bá sì ti gbó tó ni wọ́n ń fi owó gọbọi rà á tó. Lójú tèmi, ìdajì ìrántí nìyẹn. Ohùn tó wù wá nínú àwọn àwo ìgbà náà kò gbé inú pẹ́dàlì nìkan. Àárín pẹ́dàlì àti ámpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá, ló ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ padà, ámpù tó wà nílé rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, kó tó máa béèrè irú pẹ́dàlì tí yóò rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá rárá. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Awọ rẹ̀ nìkan ì bá dún tónítóní, ṣùgbọ́n onílù kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká, kí ìró wínníwínní lè máa tọ ìró awọ lẹ́yìn bí ọmọ tó ń tọ ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ẹ wá wo ìyáàlù bàtá. Ṣaworo wà lára òun náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún lẹ ìda, nǹkan dúdú tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ nì, mọ́ ojú ńlá rẹ̀, kí awọ lè wúwo, kí àwọn ìró wẹ́wẹ́ lè rọlẹ̀, kí ohùn lè jinlẹ̀. Ṣaworo ń bù kún un, ìda ń bù kúrò lára rẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba kò fi ọ̀kankan sílẹ̀ nínú méjèèjì: ìyá, bàtá tó tóbi jù tí wọ́n ń lù níbẹ̀ títí dòní, ṣì ní ṣaworo tí wọ́n ń pè ní chaguoró, ìda sì ṣì wà lójú ńlá rẹ̀. Wọ́n la òkun kọjá, wọ́n pàdánù ohun púpọ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan kò tó láìsí èkejì. Bí pẹ́dàlì fuzz àti ámpù ṣe rí síra wọn nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ kò le láti yé. Bí okùn gìtá bá gbọ̀n, ìgbì rẹ̀ a máa lọ sókè sódò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ olókè. Fuzz á fẹ ìgbì náà tóbi kọjá ohun tí bátìrì inú rẹ̀ lè gbé, orí òkè yẹn á gé, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Ojú ibi tó ti gé ni àwọn ohùn ọmọ ti ń jáde: wọ́n ń gbọ̀n yára ju ìyá wọn lọ ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Bí igun tí wọ́n gé bá ṣe mú tó ni àwọn ọmọ náà ṣe ń pọ̀ tó, àwọn tó ga jù nínú wọn ló sì máa ń ta létí bí ẹ̀fọn. Ta ni yóò wá sọ iye ọmọ tí yóò dé etí wa? Ámpù ni, pàápàá sípíkà rẹ̀. Sípíkà gìtá kì í ṣe sípíkà rédíò. Bébà líle tó fẹ̀ tó íǹṣì 10 tàbí 12 ni, ó wúwo díẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó bá gbọ̀n ju nǹkan bí ìgbà 5,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó bá ta ju ìyẹn lọ, bébà náà á gbé e mì. Ìda wa nìyẹn.

Ìtàn bí fuzz ṣe bẹ̀rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ní 1960, wọ́n ń gba orin Marty Robbins kan tó ń jẹ́ Don't Worry sílẹ̀ ní sítúdíò kan ní Nashville, ní Amẹ́ríkà. Grady Martin ló ń ta béèsì olókùn mẹ́fà. Ibì kan bàjẹ́ nínú tábìlì tí ohùn ń gbà kọjá, ni ohùn béèsì náà bá há. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orin náà jáde ní 1961, ó sì gbajúmọ̀. Glenn Snoddy, ẹnjiníà tó wà nídìí iṣẹ́ ọjọ́ náà, wá bí yóò ṣe fi tìràǹsísítọ̀ ṣe irú ìbàjẹ́ yẹn nígbàkígbà tó bá wù ú, ó gbé e tọ ilé iṣẹ́ Gibson lọ, àwọn yẹn sì gbé Maestro Fuzz-Tone jáde ní 1962. Wọ́n polówó rẹ̀ pé yóò sọ gìtá di kàkàkí òyìnbó, tàbí kó dún bí gòjé ńlá. Ó lé ní 5,000 tó kúrò ní ilé iṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọjà rẹ̀ kú fin-ínfin-ín. Ọdún 1965 ló jí, nígbà tí Keith Richards lò ó nínú orin Satisfaction tí ẹgbẹ́ Rolling Stones kọ. Ìyanu ibẹ̀ ni pé Richards pàápàá kò gbà á gẹ́gẹ́ bí ohùn gìtá. Ó fẹ́ kí àwọn onífèrè wá fun ohun tó ń ta yẹn tó bá yá. Irú pẹ́dàlì tí eruku bò lórí pẹpẹ ní 1963 ni wọ́n ń jà dù ní 1965. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé agbára ìgbà náà wà nínú pẹ́dàlì, kó ṣàlàyé àwọn ọdún tí àpótí náà fi jókòó lórí pẹpẹ láìrẹ́ni rà á.

Àlàyé tèmi ni pé ní àwọn ọdún yẹn, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ níhà ọ̀dọ̀ ámpù. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1951, nígbà tí wọ́n gba orin Rocket 88 sílẹ̀ ní Memphis, ámpù Willie Kizart tó ń ta gìtá níbẹ̀ ti fara pa lójú ọ̀nà; wọ́n ki bébà bọ inú rẹ̀, wọ́n sì bá iṣẹ́ lọ. Ní 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Davies, ti ẹgbẹ́ Kinks ní London, mú abẹ fẹ́lẹ́, ó sì fi la bébà sípíkà ámpù kékeré aláwọ̀ ewé kan tó ní. Ẹ fojú inú wò ó: bébà tó yẹ kó gbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan ti di ẹ̀là wẹ́wẹ́, etí ẹ̀là kan ń ha etí èkejì, gbogbo rẹ̀ sì ń kùn. Ohùn tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n wá gbà kọjá Vox AC30, ámpù ńlá, kó tó dé ojú àwo. Kò sí pẹ́dàlì kankan nínú You Really Got Me, orin tí wọ́n fi ohùn yẹn gbà sílẹ̀. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: ohun kékeré kan tó ń ba ohùn jẹ́, àti ohun ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fún ìbàjẹ́ náà lára àti ẹ̀jẹ̀. Davies ti so fuzz àti ámpù pọ̀ kó tó di pé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ fuzz. Ìdajì kan péré nínú méjì yìí ni pẹ́dàlì tó dé lẹ́yìn rẹ̀ rọ́pò. Ó gbà wá lọ́wọ́ àtimáa fabẹ ya sípíkà, mo sì dúpẹ́ fún un. Kò gbà wá lọ́wọ́ AC30.

London ni ìgbéyàwó náà ti wáyé ní kíkún. Jim Marshall, onílù tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní Hanwell, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ámpù tirẹ̀ ní 1962. Ámpù Bassman ti Fender ni òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wò ṣe é. Ní 1965, Gary Hurst ṣe pẹ́dàlì fuzz tó ń jẹ́ Tone Bender. Ní 1966, ilé iṣẹ́ Arbiter gbé Fuzz Face jáde, ó rí róbótó bí ojú ènìyàn. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí i pé kò sí nǹkan púpọ̀ nínú rẹ̀: tìràǹsísítọ̀ germanium méjì, ìwọ̀nba nǹkan wẹ́wẹ́ tí a lè fi ìka ọwọ́ kà, àti bátìrì fóòtì 9 kan. Onígìtá Jimi Hendrix gúnlẹ̀ sí London ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Kò pẹ́ tó fi ní ámpù Marshall oníwáàtì 100, tó sì gbé Fuzz Face síwájú rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Marshall tí wọ́n ṣí sókè dé ibi tó le ti wà lẹ́nu àtihá fúnra rẹ̀. Àwọn fáàfù inú rẹ̀, gílóòbù onígíláàsì tó ń pọ́n nì, ti ń sún kan òrùlé. Bí ìgbì tí fuzz ti gé lórí bá wá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kì í tún un gé ṣánṣán. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, igun rẹ̀ á kú, ohùn á sì nípọn. Lẹ́yìn èyí ni sípíkà mẹ́rin nínú àpótí tí wọ́n dí lẹ́yìn pa á wá gbé ìyókù ohun tó ń ta létí mì. Fuzz Face kan náà tó ń han bí ayùn lórí ámpù tó mọ́ gaara ló dà bí ẹni ń fa gòjé lórí Marshall yìí.

Bọ́tìnnì ohùn tó wà lára gìtá ló ń fi èyí hàn jù. Ẹnu ọ̀nà Fuzz Face kò le bí ti ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì. Ó ń fa ìwọ̀nba iná tí gìtá ń mú wá bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tó fi jẹ́ pé gìtá àti pẹ́dàlì ti di ẹ̀rọ kan. Bí onígìtá bá ṣí bọ́tìnnì náà dé 10, kíkùn ni yóò máa kùn. Kó rọra yí i sẹ́yìn sí 7, tàbí 6: ìkùn náà á fà sẹ́yìn, ohùn tó mọ́, tó ń dán bí gíláàsì tuntun, á yọ, láìfẹsẹ̀ kan nǹkan kan. Ìdí ni pé ìdènà tí bọ́tìnnì náà fi síwájú pẹ́dàlì ń dín ohun tó ń mu kù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa ohùn òkè bí ìgbà tí pẹ́dàlì kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó yọ yẹn tín-ín-rín. Lórí ámpù tó wà lẹ́nu àtihá, ámpù á bù kún un, yóò sanra. Lórí ámpù tó tutù, tó mọ́ ju bó ti yẹ lọ, á dún bí okùn tí wọ́n so mọ́ agolo. Àwọn kan máa ń sọ pé ọwọ́ Hendrix ni gbogbo rẹ̀, pé ohunkóhun tí ì báà gbé, bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá ṣe dún. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ náà gidigidi. Síbẹ̀, ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe, tó ń yí bọ́tìnnì síwá sẹ́yìn láàárín ìlà orin kan, kò lè so èso kankan bí ohun tó wà lẹ́yìn kò bá dáhùn. Onílù tó mọ ìlù lù náà kò lè fi awọ tó rọ sọ ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí èyí tó bá ara mu, ká wá sí èyí tí kò bá ara mu. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Mike Matthews ní New York gbé pẹ́dàlì fuzz tó ń jẹ́ Big Muff jáde. Ó gé ohùn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní bọ́tìnnì kan tó ń yọ àárín ohùn kúrò, ní agbègbè ìgbọ̀n 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń fi ìsàlẹ̀ àti òkè sílẹ̀. Ámpù Twin Reverb ti Fender, oníwáàtì 85, náà máa ń yọ àárín ohùn kúrò, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ so méjèèjì pọ̀. Nínú yàrá, lóun nìkan, ohùn náà tóbi, ó kún ilé. Ẹ wá gbé e síwájú ẹgbẹ́ olórin: béèsì ti gba ìsàlẹ̀, aro irin tí onílù ń lù ti gba òkè, àárín tó ṣẹ́ kù fún gìtá sì ni ibi tí pẹ́dàlì àti ámpù ti gbẹ́ kòtò sí. Gìtá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Onígìtá á ṣí i sókè sí i, etí àwọn ènìyàn á máa dùn wọ́n, síbẹ̀ wọn kò ní gbọ́ ohun tó ń ta. Pẹ́dàlì tó dára, ámpù tó dára, àpapọ̀ tí kò dára.

Ibí ni wọ́n ti máa ń fi David Gilmour ti ẹgbẹ́ Pink Floyd dá mi lóhùn. Big Muff ló lò nínú àwo Animals ní 1977 àti The Wall ní 1979, ámpù Hiwatt oníwáàtì 100 sì ni ó so ó mọ́, ámpù tí gbogbo ayé mọ̀ pé kì í há bọ̀rọ̀. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Bí fuzz bá nílò ámpù tó ń há, báwo ni ti Gilmour ṣe dùn tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé n kò sọ pé kí ámpù máa há; mo ní kó bá pẹ́dàlì mu. Hiwatt mọ́, ṣùgbọ́n àárín ohùn rẹ̀ kún, kò dà bíi ti Twin, nítorí náà ó dí kòtò tí Big Muff gbẹ́. Gilmour kò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó tún máa ń fi pẹ́dàlì mìíràn tún ohùn náà ṣe, ó sì fi sípíkà ilé iṣẹ́ Fane sínú àpótí WEM. Ẹni tó bá ka gbogbo àkójọ yẹn, tó wá jáde lọ ra Big Muff nìkan, ìlà kan ló kà nínú ìwé gígùn.

Àtakò kejì le ju èyí lọ, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ní 1968, nígbà tí ẹgbẹ́ Beatles ń gba orin Revolution sílẹ̀ ní Abbey Road, wọn kò so gìtá mọ́ ámpù rárá. Tábìlì sítúdíò ni wọ́n so ó mọ́ tààrà, wọ́n sì ti ohùn kọjá ẹ̀rọ agbóhùnga méjì tó tẹ̀ lé ara wọn títí ó fi fọ́. Don't Worry ti 1960 náà, inú tábìlì ni ohùn ti há. Ámpù wá dà? Sípíkà dà? Òtítọ́ ni, kò sí sípíkà gìtá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí Revolution: ohùn náà ta, ó gbẹ, ó ń gé létí, bí wọ́n sì ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn nítorí ohun tí orin náà ń sọ. Ṣaworo láìsí ìda ni, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ata láìfi iyọ̀ sí i kò sọ pé iyọ̀ kò níṣẹ́. Àwọn ẹnjiníà tó ṣe é ní ẹ̀rọ fáàfù nínú tábìlì wọn pẹ̀lú, èyí tó ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀ bíi ti ámpù. Kò sí irú rẹ̀ nínú míksà olówó pọ́ọ́kú tí onígìtá òde òní ń so pẹ́dàlì rẹ̀ mọ́.

Ohùn yìí dé Èkó náà, kò sì pẹ́ kó tó dé. Ní 1973, ẹgbẹ́ BLO, àwọn mẹ́ta péré, Berkely Jones nídìí gìtá, Laolu Akins nídìí ìlù, Mike Odumosu nídìí béèsì, gbé Chapter One jáde. Lọ́dún kan náà, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College tí wọ́n pe ara wọn ní Ofege gbé Try and Love jáde. Gìtá tó há wà nínú àwo méjèèjì, etí tó bá fara balẹ̀ á sì gbọ́ pé kò ta gbùúrù kọjá ìlù. Ó jókòó sáàárín, ó nípọn, ó fún béèsì láyè. Inú mi máa ń dùn sí àwo BLO yẹn púpọ̀, nítorí pé ẹni mẹ́ta kò ní ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí: bí fuzz àti ámpù bá ń jà, gbogbo ayé ni yóò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ oòrùn tún wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa pẹ́dàlì láti ilẹ̀ tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Germanium, ohun tí wọ́n fi ṣe tìràǹsísítọ̀ inú Fuzz Face àkọ́kọ́, a máa jò. Iná tó ń jò nínú rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì, ó dín díẹ̀ tàbí ó lé díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ti Celsius lé sí i. Pẹ́dàlì tí wọ́n tò nínú yàrá tó wà ní ìwọ̀n 20, bí ẹ bá gbé e sórí pèpéle ìta gbangba ní ìwọ̀n 35, yóò kúrò níbi tí wọ́n tò ó sí: ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fún, á máa já lẹ́nu bíi pé bátìrì fẹ́ kú, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ onígìtá kò yí padà. Nítorí náà, fún ẹni tó ń ṣeré lábẹ́ àgọ́ ní Ìbàdàn tàbí Cotonou, Fuzz Face onítìràǹsísítọ̀ silicon, irú èyí tó dé kí ìgbà náà tó parí, ló ṣeé fọkàn tán jù. Ooru kì í dà á láàmú bẹ́ẹ̀. Àmọ́ silicon a máa gé igun mú ju germanium lọ, àwọn ohùn ọmọ rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ta. Òun ló wá béèrè ámpù tó ṣókùnkùn díẹ̀, sípíkà tó ti gbó, bọ́tìnnì òkè tí wọ́n yí wálẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ onígìtá ní ilé ìjọsìn wa ló ń so pẹ́dàlì mọ́ míksà tààrà, ohùn á sì gba sípíkà ńlá tí wọ́n kọ́ fún ohùn ènìyàn jáde, èyí tó ní ẹnu kékeré lókè tó ń gbé gbogbo ohun tó bá ta dé etí ìjọ. Fuzz níbẹ̀ á dún bí ẹ̀fọn nínú etí, onígìtá á sì ní pẹ́dàlì náà kò dára. Pẹ́dàlì náà dára. Kó wá ámpù kékeré kan tó ní sípíkà íǹṣì 10 tàbí 12, kó gbé e sẹ́yìn pèpéle, kó fi máíkì sí iwájú bébà rẹ̀, kí ó má dojú kọ àárín gbùngbùn, kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bí kò bá sí ámpù, kó fi àpótí tó ń ṣe bíi sípíkà gìtá sáàárín pẹ́dàlì àti míksà. Kó ṣí ámpù náà títí ohùn yóò fi fẹ́ há bó bá ta okùn líle, kó yí bọ́tìnnì òkè wálẹ̀, kó tẹ fuzz náà, kó fi bọ́tìnnì gìtá sí 7, kó sì dúró kí onílù àti onibéèsì bẹ̀rẹ̀ kó tó tún fọwọ́ kan ohunkóhun.